Ayẹni, Akọni Kútọnu

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ayẹni kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ̀rín ti gbé ẹni tó dúró gbọ́ ọ ṣubú rí.

Ní Bódìjà, lẹ́yìn ọjà pákó, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀-Ayọ̀. Kò tóbi, ilé ìkàwé rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ tẹ́níìsì gbá. Ẹni tó kọ́ wọn ni Alhaja Bàdírátù, kóòṣì àgbà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti gbá tẹ́níìsì fún ìpínlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Igbákejì rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́ Ayẹni. Tiẹ̀ yàtọ̀. Òun kò gbá a fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tíì sọ fún.

Ọkùnrin gíga ni Ayẹni, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ibi tó bá ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò fẹ́ gbọ́ láyé, òun ni "igbákejì". Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á korò bí ojú ẹni jẹ ewúro tí wọn kò fọ̀. Nínú káàdì tó ń pín káàkiri, ó kọ KÓÒṢÌ gàdàgbà-gadagba, ó wá kọ "igbákejì" sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó jẹ́ pé èèrà gan-an yóò lo awò kó tó lè kà á.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: Kútọnu. Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Ayẹni lọ gbá tẹ́níìsì ní Kútọnu. Òótọ́ ni èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo sọ pé òótọ́ ni, nítorí a kò ní tètè rí òmíràn. Bí òjò bá rọ̀, á ní, "Irú rẹ̀ rọ̀ ní Kútọnu, síbẹ̀ mo na ẹni tí mo nà." Bí ẹ̀wà ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá níyọ̀, á ní, "Ní Kútọnu, wọn kò jẹ́ dán èyí wò." Rákẹ́ẹ̀tì tó gbé lọ síbẹ̀ wà nínú àpò aláwọ tó fi kọ́kọ́rọ́ tì, ojú ẹnikẹ́ni kò kàn án rí. Bí àwọn ọmọ bá sì ní kó gbá bọ́ọ̀lù kan kí àwọn wo bó ṣe ń ṣe é, á di èjìká mú. "Èjìká yìí," á ní, "Kútọnu ló mú un lọ."

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, eékún Alhaja kọ̀ jálẹ̀. Dókítà rẹ̀ ní Jẹ́ríkò ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kó sì sinmi fún oṣù mẹ́ta. Kó tó lọ, ó fún Ayẹni ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí.

"Ìdíje gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀ lóṣù karùn-ún," ni Alhaja wí. "Má yí ohunkóhun padà. Ṣáà máa sọ bọ́ọ̀lù sí wọn. Kí o sì bá mi ṣọ́ Islamiat. Ọmọ yẹn lè gba ife wálé fún wa."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja. Kò sí ohun tí yóò yí padà."

Kọ́kọ́rọ́ ni Alhaja fún un. Adé ni òun gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá tó ń gbá tẹ́níìsì dé kọ́ọ̀tù, wọ́n rí àga méjì lábẹ́ agbòjò ńlá kan. Ayẹni jókòó sórí ọ̀kan. Rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jókòó sórí èkejì, nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni wọ́n wí.

"Èmi kọ́. Òun." Ayẹni nawọ́ sí àga kejì.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Wọ́n kí rákẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rín ló gbé e dé ilẹ̀.

Ayẹni wá dìde. "Ẹ̀yin ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọgbà ìmọ̀!" ó ké. "Oòrùn tuntun ti là lórí Bódìjà! Ó ti tàn dé Agbowó, ó ń lọ sí Dùgbẹ̀, kò sì ní wọ̀ kó tó dé Ring Road! Èmi Ikúbọlájẹ́, èmi tí mo gbá a ní Kútọnu tí a kò rí ẹni dá a padà, èmi ni mo dúró níwájú yín!"

Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fi ń gbáradì láràárọ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí agogo lù ló tó kéde òfin rẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wo tẹ́níìsì rí mọ̀ pé bí ẹnì kan kò bá tíì ní póíǹtì kankan, "lọ́ọ̀fù" ni wọ́n ń pè é. Ayẹni ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. "Ọmọkùnrin á máa pariwo ìfẹ́ sí ọmọbìnrin lójú ọ̀sán gangan! Ṣé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn? Láti òní lọ, 'òfo' ni kí ẹ máa pè é."

Òfin kejì dá lé ọwọ́ òsì, ẹni kan ṣoṣo ló sì bá. Islamiat, ọmọ Ṣakí tí bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kaféńtà ní Òjòó, ọwọ́ òsì ló fi ń gbá tẹ́níìsì. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ a máa yí gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí.

"Ìwọ," ni Ayẹni wí, "ọwọ́ wo lo fi mú rákẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Ọwọ́ òsì ni, sà. Òun ni mo fi ń gbá a."

"Ṣé o lè fi ọwọ́ òsì gbé omi fún bàbá rẹ?"

"Rárá o, sà."

"Bí ẹni tó wà lódìkejì àwọ̀n bá wá dàgbà jù ọ́ lọ ńkọ́? Ọwọ́ òsì lo máa fi gbé bọ́ọ̀lù fún un?"

"Sà," ni Islamiat dáhùn pẹ̀lẹ́, "kò tilẹ̀ fẹ́ kí n gbé e fún òun rárá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ojú Ayẹni pọ́n. "Ọwọ́ ọ̀tún!" ó jágbe. "Ọwọ́ ọ̀tún ni láti òní, tàbí kí orúkọ rẹ kúrò lára àwọn tó ń lọ ìdíje!"

Ọmọ náà gbìyànjú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù ń fo ọgbà kọjá sí ọjà pákó, débi pé àwọn onípákó ya apẹ̀rẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ayẹni yọ orúkọ rẹ̀. Islamiat jókòó sínú táàsì Òjòó lọ́jọ́ náà, ó fi híjáàbù bojú, ó sunkún títí ó fi délé. Ìyá rẹ̀ ní kó pe Alhaja. Islamiat ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kọ́ ni òun máa gbé ẹjọ́ tọ̀ lọ.

Láàárín ìgbà náà, Tósìn, obìnrin tó ń bójú tó ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń kó ìtàn àwọn olùkọ́ jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n ti ṣe. Ìlà méjì ni Alhaja fi ránṣẹ́. Ayẹni gbé ojú ìwé méjìlélógójì wá.

"Sà," ni Tósìn wí, ó ń ṣí i wò, "láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹtàdínlógún, ìbí yín nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ìbí mi le díẹ̀ ni."

"Ẹ wá kọ ọ́ níbí pé ẹ na akọni kan ní Kútọnu, ẹ kò jẹ́ kó gba póíǹtì kan ṣoṣo. Kí lorúkọ akọni náà? Àwọn ènìyàn á fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ayẹni kò ronú dé ibẹ̀ rí. Ó wo àjà. Orúkọ kan tó rí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Kútọnu lọ́jọ́ ìdíje sọ sí i lọ́kàn. "Olúwadáre," ó ní. "Olúwadáre Ọmọ́fẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹkùn ni nígbà náà. Ó sunkún nígbà tí mo nà án tán."

"Ó sunkún, sà?"

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

Tósìn kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Akínbíyìí, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ka ojú ìwé àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kọ́ọ̀tù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da sìmẹ́ńtì sí, orúkọ Ayẹni ni yóò máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ di kíkí. Olùkọ́ kan ní òun rí Ayẹni láti ẹ̀yìn, òun rò pé ère ni. Ọ̀gbẹ́ni Sàídì, olùkọ́ ìtàn, dábàá pé kí wọ́n máa fi Kútọnu ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ayẹni ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní wọn kò tíì sọ ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kíra wọn, ká gba Sáléńjì lọ.

Ní Sáléńjì, ọkùnrin kan wà tó ń tún fíríìjì ṣe. Oníbàárà rẹ̀ kan, Godswill, jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó ń wo fóònù. "Oga Dare," ó ní, "no be your name be this? Dem say one man flog you for Kútọnu, you cry."

Olúwadáre Ọmọ́fẹ́ nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gba fóònù. Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí fíríìjì oníbàárà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó tún un kà.

Ọdún méjì gbáko ni ó fi gbáradì fún Kútọnu nígbà èwe rẹ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́dún náà. Mọ́tò wọn bàjẹ́ ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó fi wákàtí méjì pẹ́, nígbà tó sì débẹ̀, wọ́n ti kéde pé ẹni kejì ló borí. Kó tó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ kú, ó di dandan kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kò tún lọ sí ìdíje kankan mọ́. Ó ṣì ń gbá a ní ọjọ́ Sátidé lórí kọ́ọ̀tù àtijọ́ kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Eré Kútọnu yẹn, ó ti gbá a lọ́kàn rẹ̀ lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ó máa ń borí nígbà mìíràn, ó sì máa ń pàdánù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sunkún rí, àní lójú àlá.

Ó bi Godswill, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí kọ́ọ̀tù náà?"

Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù kẹrin ni. Kọ́ọ̀tù kún bámúbámú. Wọ́n fi aṣọ bo pátákó orúkọ, olùkọ́ méjì sì gbé rákẹ́ẹ̀tì Ayẹni wọlé lórí tìmùtìmù. Ayẹni fúnra rẹ̀ wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn tí kò kí i. Ọ̀mọ̀wé Akínbíyìí sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kó lè fi adùn sí ìparí, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ta ló wà níbí tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ akọni yìí?"

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ìdáhùn. Èyí ní. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Èmi ni, sà. Èmi ni Olúwadáre Ọmọ́fẹ́ tí wọ́n ní ó sunkún."

Àtẹ́wọ́ sọ gààràgà. Ọ̀gá àgbà rò pé Ayẹni ló ṣètò rẹ̀. Ó fà á wá síwájú. Ayẹni ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu.

"Ẹ kúulé o, Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni," ni Olúwadáre wí, ó na ọwọ́. "Inú mi dùn láti mọ̀ yín. Ojú wa kò tíì kanra rí."

"Báwo?" ni Ọ̀mọ̀wé Akínbíyìí bi í. "Ẹ kò tíì ríra rí?"

"Rárá, sà. Mọ́tò wa bàjẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ní ẹni tí mo fẹ́ bá gbá a ti borí, ó ti lọ sinmi."

"Kí ló rẹ̀ ẹ́?" ni ẹnì kan ké láàárín èrò.

Ayẹni na ìka sókè. "Lójú òfin, mo borí! Ẹni tí kò wá, ẹni tí a borí ni!"

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Olúwadáre dáhùn. "N kò bá yín jà. N kò sì ní kí ẹ tọrọ àforíjì. Eré yẹn ni mo fẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń dúró dè é. Rákẹ́ẹ̀tì mi rèé."

"Ẹ gbá a! Ẹ gbá a!" ni gbogbo èrò ń pariwo.

Ayẹni ní èjìká ń dun òun. Ó ní oòrùn ti mú jù. Ó ní atẹ́gùn Bódìjà yàtọ̀ sí ti Kútọnu. Ó ní òun kò tíì jẹun. Ó ní òun ti jẹun jù. Ọ̀gá àgbà ní àlejò pọ̀ nílẹ̀, kó ṣí àpò rẹ̀.

Ó ṣí i. Ẹ wò ó, kò sí okùn kan lójú rákẹ́ẹ̀tì náà. Eku ti dá ihò sí ìdí àpò, wọ́n ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀. Ìyá eku bẹ́ sílẹ̀, ó gba orí tìmùtìmù sá lọ. Rákẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ń kí láràárọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, eku ló ń jẹ́ wọn lóhùn.

Ìgbà náà ni Islamiat jáde láàárín èrò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún na rákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí Ayẹni. "Ẹ lo tèmi, sà."

Tósìn ló ń kéde pẹ̀lú gbohùngbohùn. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni òfin, kò lè pe lọ́ọ̀fù. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí òfo," ó ní. "Ọgbọ̀n sí òfo. Ogójì sí òfo." Kó tó di géèmù kẹta, gbogbo èrò ti ń bá a gbe "òfo" náà bí ègbè orin. Olúwadáre kò fi agídí gbá a. Ó ń rọra ju bọ́ọ̀lù sí i, bí ẹni ń ju oúnjẹ sádìẹ. Ayẹni ju ọwọ́ nígbà kan, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí i pé èrò ni òun kọjú sí. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bà dáadáa lọ gbá aṣọ tí wọ́n fi bo pátákó, aṣọ já bọ́, AKỌNI KÚTỌNU sì yọ síta, gàgàrà, ní àkókò tí Tósìn ń sọ pé mẹ́fà sí òfo, mẹ́fà sí òfo, eré parí.

Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí àwọ̀n. Olúwadáre ṣí ẹnu kó kí i kú iṣẹ́, omijé ló ṣáájú. Ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú. Ẹ ti rí i báyìí: ohun kan ṣoṣo tí Ayẹni ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ tó wá di òótọ́ nìyẹn.

Ọ̀mọ̀wé Akínbíyìí sọ fún àwọn àlejò pé òun ti ń fura láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó ní ère ni òun pe Ayẹni ní òun ti rí i láti ẹ̀yìn pé kò dúró dáadáa. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi ọ̀dà kun pátákó. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ Ayẹni, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ pé láti òní lọ, igbákejì igbákejì kóòṣì ni. Wọn kò rántí pé kò sí igbákejì mìíràn.

Alhaja gbọ́ ọ níbi tó sùn sí, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó dá orúkọ Islamiat padà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ọmọ náà gbá a dé ìparí ìdíje, ó pàdánù níbẹ̀ pẹ̀lú póíǹtì méjì. Ẹni tó mọ eré náà mọ ohun tí oṣù méjì yẹn jẹ. Ayẹni lọ bẹ̀ ẹ́. Islamiat kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó padà sórí kọ́ọ̀tù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alhaja pè é jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù. "Ikúbọlájẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an?"

Ayẹni wo ilẹ̀. "Mo dúró lórí kọ́ọ̀tù, Alhaja. Mo ń gbàdúrà kí ẹni náà má wá. Kò wá. Rẹfirí gbé ọwọ́ mi sókè, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Lọ́jọ́ kejì, ará Kútọnu kan nà mí láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìyẹn ni mo yọ kúrò nínú ìtàn mi."

"Eré kan ṣoṣo tí o gbá láyé rẹ nìyẹn?"

"Òun nìkan."

"Ṣé ó wù ọ́ kí o máa gbá a?"

"Ó wù mí," ó ní.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ táàsì lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, ó bá Olúwadáre lórí kọ́ọ̀tù àtijọ́ yẹn, ó ní òun wá kí i ni. Olúwadáre wo rákẹ́ẹ̀tì tuntun tó dì mú, ó ní, "Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, oòrùn kò sí níbẹ̀." Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí Sátidé kan yẹ̀. Ayẹni pàdánù ní Sátidé àkọ́kọ́, ó pàdánù ní èkejì, ó pàdánù títí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ní Sátidé kẹjọ, ó sọ bọ́ọ̀lù kan, Olúwadáre sáré sí i, kò bá a. Géèmù kan ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

"O gba ìyẹn o," ni Olúwadáre wí. Wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ nígbà náà.

Ayẹni wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi àwọn apẹja méjì tó ń gbé àwọ̀n wọn bọ̀ láti etí omi, wọn kò sì wo ọ̀dọ̀ wọn.

Nínú táàsì tó ń gbé e padà sí Agbowó, awakọ̀ rí rákẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀ nínú díńgí. "Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin náà ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn ni?"

Ayẹni ṣí ẹnu. Ọ̀nà jìn, gósìlóò wà, awakọ̀ náà sì jọ ẹni tó lè gbọ́ ìtàn dé òpin.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni," ó ní.